Alábàágbé Mi Onídìrí

Òórùn ìpara irun tó dàpọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni mo fi ń rántí ilé tí mo gbé ní Ìbà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ ń gbé ibẹ̀. Mo jù ú lọ, "àǹtí mi" ló sì ń pè mí. Ọdún kìíní ló wà, èmi wà ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n a jọ ń ṣe kọ́ọ̀sì kan nípa iṣẹ́ inú ara ènìyàn, nítorí pé mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ti sọ fún mi gbangba pé bí mo bá tún kùnà, kí n wá ẹ̀ka mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi, tó ń ṣe káfíńtà ní Ìjànìkin, ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé ọmọ òun ń kọ́ bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò sí ọ̀nà ìkàwé tí n kò dán wò. Mo jẹ orógbó, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé mi lọ. Mo ra bírò aláràbarà: yẹ́lò fún orúkọ, àwọ̀ ewé fún iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ń ṣe, pupa fún ohun tí olùkọ́ bá tẹnu mọ́. Bí mo bá kun ojú ewé kan tán, a dà bí àǹkárá. Mo lẹ ètò ìkàwé mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì máa ń tún un kọ nígbàkúùgbà tí n kò bá tẹ̀lé e, débi pé títún un kọ gba àkókò ju ìwé kíkà fúnra rẹ̀ lọ.

Ọmọ yìí ní tirẹ̀, bó bá ti ti kíláàsì dé, á jẹun, á fọwọ́, á gbé àpótí ìjókòó àti òòyà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di irun dídì. Àwọn ará Òkòkómáìkò pàápàá ń wá a wá. N kì í sábà rí i kó jókòó ti ìwé pẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò àárín sáà, ó fi mí sílẹ̀ jìnnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ̀. Ọ̀bùn ríkú ọkọ, ó tìrọ̀ mọ́ ọn: mo di ẹ̀bi ru iná ìjọba, mo di í ru ariwo ilé, mo tilẹ̀ ń ro ó pé bóyá olùkọ́ náà jẹ́ ará ìlú wọn. Bó bá rẹ́rìn-ín níta, èmi ni mo máa ń rò pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò jẹ́ kó fọwọ́ kan irun mi rárá. Igbó-Elérin ni mo ń lọ di tèmi, kí n má baà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ìyá kan tó ń ta wáyà iná ní Alábà ló ń di irun fún.

"Mọ́mì, kíndìnrín dà bí asẹ́ ògì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sẹ́, ìtọ̀ ló ń jáde."

"Irọ́ ni. Nínú ògì, èyí tó kọjá la fẹ́, èérí là ń dà nù. Ìwọ ní èyí tó kọjá la ń tọ̀ dànù?"

Òòyà dúró. "Ẹ ṣẹ́gun mi, mọ́mì. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó." Ó sáré wọlé, ó ṣí ìwé, ó wo ibì kan péré, ó tún sáré jáde. "Ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ni! Bó bá sẹ́ ẹ tán, á padà ṣa ohun tó wúlò nínú èyí tó ti kọjá, á dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kù ni ìtọ̀."

"Ẹn-ẹ́n! Ìyẹn ló yé mi."

Mo pòṣé. Mo ní ọmọ yìí ń fi àkókò ṣòfò, kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Àfi bí òjò ṣe dí ọ̀nà Igbó-Elérin lọ́sẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi. Orí mi rí wúruwùru, n kò rí ọgbọ́n dá. Mo bá jókòó sáàárín orúnkún ọmọ tí a jọ ń gbé. Ibà ti dá a dúró sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò lọ sí kíláàsì. Ó dì mí dé ìdajì, apá òsì ti jọ ṣùkú, apá ọ̀tún ṣì dúró ṣánṣán.

"Àǹtí mi, kí ni wọ́n kọ́ wa lónìí?"

"Ọkàn. Ó wà nínú ìwé mi, wàá kà á."

"Mi ò ní kẹ́ẹ fún mi níwèé, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ó... ó ní yàrá mẹ́rin."

"Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń wọ ti òkè lápá ọ̀tún?"

Mo mọ̀ pé mo ti fi yẹ́lò kùn ún, mo mọ igun ojú ewé tó wà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Ìyá Alábà, tó ń dúró de tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bú sẹ́rìn-ín. "Àbí yàrá yẹn ò ní ayálégbé ni?"

Mo fẹ́ dìde. Ìyá náà ní, "Bọ́ sójú títì báyìí, kí wọ́n lè sọ pé wọ́n lé ọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Ẹni tí irun rẹ̀ dé ìdajì kò ní ibi tí yóò sá sí. Mo jókòó padà. Mo ń tàsé, ó ń béèrè, mo ń wo ibi tí mo ti tàsé nìkan nínú ìwé, mo ń tún un sọ ní Yorùbá, títí tí irun fi parí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn dòní. Kì í ṣe iye ìgbà tí ojú bá gba orí ìwé kọjá. Pa ìwé dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ gan-an, sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ní èdè tí o fi ń ra iyọ̀. Ibi tí o bá ti tàsé, ibẹ̀ nìkan ni kí o ṣí. Bó bá ṣe díẹ̀, tún un sọ. Lójoojúmọ́ ni mo wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń sọ tèmi fún ẹni tó bá ń dirun. Ẹ má rò pé owú náà tán o. Bí mo ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni inú ń bí mi pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ.

Èsì jáde. Mo yege. Tirẹ̀ ṣì ga ju tèmi lọ dáadáa, ojú mi sì ti sáré wo tirẹ̀ kí n tó yọ̀. Òun kò wo tirẹ̀ rárá. Ó di mọ́ mi, ó ń fò sókè, ó ń kígbe pe ìyá Alábà: "Mọ́mì, àǹtí mi ti yege o!" Mo dúró gbàgìdì lápá rẹ̀. Ayọ̀ yẹn, tí èmi kò yọ̀ fún un rí, mo jowú rẹ̀ ju máàkì lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Èmi náà ti di olùkọ́, méjì méjì ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jókòó tí wọ́n ń sọ ẹ̀kọ́ fún ara wọn. Nígbà mìíràn alábàágbé mi yẹn máa ń pè mí láti sọ ibi tí iṣẹ́ gbé e dé, owú kékeré kan á kọ́kọ́ yọjú kí n tó lè sọ pé, "Mo bá ọ yọ̀." Mo ti wá ń tètè sọ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwé kíkà tètè mọ́ mi lára. Bíbá a yọ̀ yìí ni mo ṣì ń kọ́.