Network Òkukù àti Irọ́ Tí Wọ́n Pa Mọ́ Mi

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Èmi ni mò ń bójú tó network ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀. Ìkìrun ni ọ́fíìsì àgbà wa wà, a ní ẹ̀ka ní Inísà àti Òkukù. Bọ̀dá Gbádé, máníjà Òkukù, lọ sọ fún ọ̀gá wa pé network àwọn kì í dúró, pé mi ò mọṣẹ́. (Mi ò ní pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ ẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi.) Ọ̀gá ní tí mi ò bá tún un ṣe kó tó di Friday, kí n máa lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà mi ń ṣọ́ network gbogbo ẹ̀ka wa, títí kan ti Ìkìrun, lójoojúmọ́, ó ń kọ ìgbà tó lọ àti ìgbà tó dé. Mo fi ròyìn ẹ̀ han ọ̀gá. Bọ̀dá Gbádé ní ṣebí orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló wà, pé ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo kọ ọ́? Ọ̀gá sì gbà á gbọ́!

Mo ní kò burú, kí oníkálukú máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Bọ̀dá Gbádé fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Àṣé orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara ẹ̀ ni mo fún wọn. Ó dà bí ìgbà téèyàn ní kí àlejò máa bọ̀ ní "ilé wa": ilé tiẹ̀ náà ló máa gbà lọ. Ojú tì mí. Mo fi àdírẹ́sì gidi ránṣẹ́, mo sì ní kí firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà àlejò lórí kọ̀ǹpútà mi, yà lọ́nà.

Wàyí o, gbogbo wọn rí i. Láwọn ọjọ́ kan, Òkukù á pọ́n (àwọ̀ pupa ni ti network tó bá lọ) láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago méjì, kì í ṣe Monday Monday, kì í ṣe Friday Friday. Ọ̀gá wò ó títí, kò yé wọn.

Àǹtí Bísí, máníjà Inísà, ló fi ìka kà á. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọrọọrún mà ni. Ọjọ́ ọjà wọn ni."

Nígbà tí ọ̀gá fún un mọ́ ògiri, Bọ̀dá Gbádé jẹ́wọ́ pé òun máa ń pa ẹ̀rọ network, òun á ti ọ́fíìsì, òun á lọ ta iṣu.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀gá bẹ̀ mí? Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n yọ ròyìn Ìkìrun, ọ́fíìsì tiwọn gan-an, kúrò níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó. Mi ò yọ ọ́.

Tí wọ́n bá ń purọ́ mọ́ yín, ẹ má fi ẹ̀rí pamọ́ sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ gbé e síbi tí òpùrọ́ fúnra ẹ̀ á ti kà á. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má bò wọ́n láṣìírí.