Ìwé Tí Mi Ò Kọ Orúkọ Sí

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn gòkè dé líìgì tó ga jù lọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìyàwó mi sì ti di olóògbé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Mo sọ ọjọ́ orí mi níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ọmọdé ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà ni mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, tàbí kí n kúkú sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀sì méjì ni a máa ń wọ̀ láti ilé wa ní Dagenham East kí a tó dé pápá ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé kan ló wà. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri, inú ọgbà ìyá arúgbó kan ló ń bọ́ sí, ìyá náà á sì jù ú padà, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àga wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin, àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì lásán ni, lábẹ́ òrùlé páànù tó ń jò, níbi tí a ti ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni tiwa. Irin gbọọrọ kan wà níwájú tí a máa ń fara tì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan irin náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi aṣọ ìnura nù ún.

Òun ló mú mi débẹ̀. Aláìsàn kan tó tọ́jú ló fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù wíwò. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Nínú bọ́ọ̀sì tí ń gbé wa padà sílé ni yóò ti ṣí i lórí itan, tí yóò kọ ọjọ́, ojú ọjọ́, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àti ohun tí a jẹ. Mo rántí ojú ewé kan: “Òjò. Wọ́n nà wá. Gólì wa sùn lọ. Mo ta tíì sí bàtà Tíṣà.” Tíṣà ni ó ń pè mí. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi bírò pupa fi àmì ohùn sí ibi tí ó bá ti gbójú fò ó. Yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. “Tíṣà, iléèwé ti parí! Ẹ jẹ́ kí n kọ ìwé mi bí mo ṣe fẹ́.”

Nígbà tí ó kú, mo ń bá kíkọ ìwé náà lọ.

Ní àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi nínú ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi lọ. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà tí a ń lọ ní Barking, Thames View ni ilé rẹ̀ wà, ó sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ló wá bá mi. “Àbúrò, o kò ní dá nìkan lọ síbẹ̀. Mà á máa bá ẹ lọ.” Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyàwó mi ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ni ó dúró sí, ife orí fúláàsì ìyàwó mi ló fi ń mu tíì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, n kò sì ní sẹ́ ọpẹ́ náà nísinsìnyí. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí gólì tó ń ṣọ́ ilé àwọn ọ̀tá bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́, yóò kígbe ní èdè wa pé, “Ọwọ́ ẹ bí ajere! Omi ò lè dúró nínú ẹ̀!” Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn wa kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n á bá a kígbe “Ajere! Ajere!” títí tí gólì náà yóò fi wo ẹ̀yìn.

Báyìí ni ẹgbẹ́ kékeré yẹn ṣe ń gòkè, líìgì kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi dé èyí tó ga jù. Lọ́jọ́ tí ó dájú pé a ti dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí gbá mi mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi orí kanlẹ̀. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé náà: “A dé ibẹ̀. Ì bá dára ká ní o wà níbí.”

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ní líìgì tuntun, ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró mọ́. Àga ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó lé. Wọn yóò fọ́ àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì náà, wọn yóò to àga síbẹ̀. Àga tí yóò gba ibẹ̀ kò tó ìdajì àwọn tó ń dúró. Ẹ ò rí nǹkan: àwa tí òjò pa nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dín kù. Wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ jù lọ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún láyè, kí olúkúlùkù mú ẹ̀rí rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú mi ọ̀tún. Dókítà ní kí n má jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi, ó ní, “Fún mi ní ìwé yẹn. Mà á fi ṣe ẹ̀rí fún àwa méjèèjì.” Ọmọbìnrin mi wà nínú ilé, ó sì tẹ̀ lé mi wọ kíṣíìnì.

“Dádì, ẹ jẹ́ kí n gbàyè níbi iṣẹ́ kí n lọ bá yín fún wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n ti ní àwọn ń lọ.”

“Ó dáa, ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan kí wọ́n mú u dání. Ẹ kọ orúkọ yín sára ìwé náà, ó kéré tán. Kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀!”

“Kí n máa kọ orúkọ sí i lójú wọn? Bí ẹni pé mi ò fọkàn tán wọn?”

“Dádì, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dín máàkì ẹni tí kò bá kọ orúkọ síwèé!”

Mo ní kó dákẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ìwé náà lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwa méjèèjì ni.”

“Ṣé mo lè gbàgbé ẹ ni?”

Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá ti rán àgbà níṣẹ́ oore, o kì í tún máa pè é lórí fóònù pé, báwo ló ṣe lọ. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ní, “Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́.” Nígbà tí ojú mi dá, mo wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì, mo lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi.

Wọ́n ti gbé àpótí gíláàsì kan sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n to àwọn ohun àtijọ́ ẹgbẹ́ náà sí. Ìwé ìyàwó mi wà láàárín, wọ́n ṣí ojú ewé ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Káàdì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí, pé òun ló ni ìwé náà, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ojú ewé tí à ń wò yìí jẹ́ àdúrà ìṣẹ́gun ní èdè rẹ̀. Mo súnmọ́ gíláàsì náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé ìyàwó mi ni:

“Ẹ̀wà olóyin. Èlùbọ́. Panla méjì. Ata rodo, má ra èyí tó ti rọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ. Tíì Tíṣà ti tán.”

Ohun tó fẹ́ rà ní ọjà East Street ni. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo tún ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀rín náà sì tán.

Obìnrin tó ń mójú tó ọ́fíìsì náà jáde sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó wuyì, àbí? Bàbá náà kà á fún wa nínú ìpàdé. Wọ́n di ojú wọn tí wọ́n fi ń kà á. Ẹlòmíràn nínú wa sunkún.”

Kí n tó la ẹnu, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ló wọlé, ó fi ìborùn ẹgbẹ́ sọ́rùn, ó wá gba káàdì àga rẹ̀. Ó rí mi. Ó rí ibi tí mo dúró sí.

“Háà! Àbúrò!” Ó yíjú sí obìnrin náà kíákíá. “Àbúrò mi nínú ìjọ ni. Òun náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù díẹ̀.”

Díẹ̀.

Inú obìnrin náà dùn. “Ẹ̀yin náà gbọ́ èdè yìí nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi. Mo fẹ́ tún un gbọ́.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ni ó ń gbé àgbélébùú ṣáájú wa bí a bá ń wọ ilé ìsìn. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà dìde nínú mi: a kì í tú àgbà sí ìhòòhò lójú àlejò. Mo wò ó pé mà á bá a sọ ọ́ nílé, ní kọ̀rọ̀, níbi tó yẹ.

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.” Mo sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé rẹ̀ ní Thames View. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi. N kò mu ún.

“Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìyàwó mi.”

“Àbúrò, farabalẹ̀. Ìwé kan, ènìyàn kan, àga kan. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín, ẹnu mi sì gbé orúkọ tó wà nítòsí.”

“Ẹ lè sọ pé tèmi ni.”

“Kí n wá jókòó sílé?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bí orúnkún bá ń dùn mí lọ́jọ́ kan, o lè lọ jókòó lórí àga mi.”

“Àdúrà wo lẹ kà fún wọn?”

Ó ní, “Ṣebí panla náà nílò àdúrà báyìí, bó ṣe wọ́n tó lọ́jà.” Ó wò mí bóyá mà á rẹ́rìn-ín. Ká ní orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì la wà ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó bá mi lọ sí ọ́fíìsì, kí a jọ ṣàlàyé. Ó mi orí. “Ó ti pẹ́ jù. Ìwọ fúnra ẹ dúró níwájú obìnrin yẹn, o ní ọ̀rọ̀ rere ni. Bí a bá padà lọ báyìí, àwa méjèèjì ni òpùrọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ó ti fi aṣọ tí mo dà bò ó lánàá dè mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì tuntun, mo wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì lọ. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, nítòsí ọgbà ìyá arúgbó tó máa ń ju bọ́ọ̀lù padà. Òrùn ràn. Mo gbọ́ ariwo tó dìde, n kò mọ̀ bóyá àwa la gbá a wọlé tàbí àwọn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń kígbe, “Ajere! Ajere!” Mo wá mọ̀ pé àwa ni. Mo yí padà, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó kọ lẹ́tà sí obìnrin ọ́fíìsì náà. Mo túmọ̀ ojú ewé yẹn fún un láti orí ẹ̀wà dé orí tíì, mo sì sọ ẹni tó kọ ọ́. N kò bèèrè àga. Ìwé ni mo bèèrè. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, kó má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ́fíìsì kò tíì fèsì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọ ilé ìsìn kí a má baà pàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín bí olùkọ́ ṣe ń bẹ ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí tèmi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ẹ kọ orúkọ yín sára ohun tó jẹ́ tiyín, kódà bí ẹni tí ẹ fẹ́ fún bá jẹ́ àgbà. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, n kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ ka ohun tó wà níwájú yín, ẹ kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an.