Rélùwéè Tí Àbàtà Gbé Mì

Ọdún kẹta tí mo wọlé ọkọ ní Iworo ni a gbọ́ pé rélùwéè ń bọ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ káfíńtà nínú ọgbà rélùwéè l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wálé. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e bọ̀ lórí ọ̀sà. Tí atẹ́gùn bá kọ̀, ó lè lo ọjọ́ méjì lórí omi, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni yóò lò lọ́dọ̀ wa kó tó padà. Wọ́n ní tí ọ̀nà irin bá ti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ á máa jí lọ síbi iṣẹ́, á sì máa bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé.

Mi ò tíì rí ọkọ̀ ojú irin rí nígbà náà, nítorí náà bó ṣe wù mí ni mo ṣe ń yàwòrán rẹ̀ lọ́kàn. Láàárọ̀, tí ìkùukùu bá ṣì bo ọ̀sà, tó jẹ́ pé orí igi àgbọn nìkan ló hàn bí ẹni tó léfòó, màá dúró lẹ́yìnkùlé, màá máa gbọ́ òkun tó ń hó lọ́ọ̀ọ́kán, màá sì sọ ìró rẹ̀ di ti ọkọ̀ náà. Oúnjẹ á máa jóná lórí iná, èmi ò ní mọ̀.

Àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ àti èèkàn tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́. Oko àgbọn bàbá ọkọ mi ni wọ́n là kọjá. Ọmọ Ègùn ni bàbá, kì í pariwo. Àgbọn tí bàbá tirẹ̀ gbìn ni wọ́n ń gé lulẹ̀ lójú rẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá kò dùn ún.

“Ó dùn mí, ìyàwó,” ló wí. “Ṣùgbọ́n màá máa rí ọmọ mi lójoojúmọ́. Àgbọn kì í kí èèyàn káàárọ̀.”

Lẹ́yìn oko náà, àbàtà ló kàn. Wọ́n á da yanrìn sí i láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti gbé e mì. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, òpó náà wọlẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò kọjá, iṣẹ́ ò kúrò lójú kan. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ti tán, iṣẹ́ kò sì tíì dé ìdajì.

Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pe ìlú jọ síwájú ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní kí a gbà kí owó orí wa lọ sókè, kí iṣẹ́ lè parí. Ariwo ta. Àwọn oníṣòwò ní àwọn á san án, kí ẹja àti àgbọn wọn lè tètè dé Èkó. Àwọn atukọ̀ ní àwọn ò lè fowó àwọn ra ohun tí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ọkùnrin kan pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Obìnrin kì í sábà sọ̀rọ̀ ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi wọ́n,” mo sọ fún ògbufọ̀. “Ǹjẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n wọn ti kan ìsàlẹ̀ àbàtà yẹn rí?”

Ògbufọ̀ yíjú sí òyìnbó. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí.

“Wọ́n ní àwọn ṣì ń wọ̀n ọ́n.”

“Tí wọn ò bá mọ bó ṣe jìn tó, báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó kù?”

Bàbá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín, ni ìjókòó bá tú. Ìlú kọ̀, wọn ò san. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ti kó irinṣẹ́ wọn lọ.

Àwọn oníṣòwò kan ò kí mi mọ́. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé èmi tí mo fẹ́ ọkọ̀ náà ju gbogbo wọn lọ ni mo fi ẹnu ara mi lé e padà. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo jẹ́wọ́ fún un létí ọ̀sà, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀. “Irin tó yẹ kó wá síbí,” ló wí, “mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó o lọ sí ibòmíràn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta.”

Ìjókòó ìlú tí mo ti sọ̀rọ̀ kò sì tíì pé oṣù kan.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Mo rò pé wọ́n á kó òmíràn wá. Ó wù mí kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀.”

Bàbá tún àgbọn gbìn sójú ọ̀nà tí wọ́n là. Èmi ni mo ń pọnmi sí i. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Gbogbo wọn ló máa ń dá bàbá wọn mọ̀ láti òkèèrè lórí ọ̀sà nípa bó ṣe máa ń dìde dúró kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, tí atukọ̀ á máa pariwo pé kó jókòó.