Táyé Lọ Tọ́ Kánò Wò

Wọ́n ń bó ọsàn lọ́jà Bódìjà lánàá, òórùn èèpo rẹ̀ sì gbé mi padà sí ìdí rélùwéè Dùgbẹ̀, lọ́sàn-án tí Bọ̀dá Jóṣúà, àbúrò ìyá wa, fẹ́ kó èmi àti Táyé, ìkejì mi, lọ sí Kánò. Ìyá wa ní kálukú ni yóò sọ bóyá òun máa lọ tàbí òun máa dúró. Mo ń sunkún. Táyé fa ọsàn rẹ̀ mu, ó kó ìyókù lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ojo ni ẹ́ o! Ṣebí ìwọ lo rán mi jáde nínú ìyá wa pé kí n wá tọ́ ayé wò? Dúró ńlé. Bí Kánò bá dùn, màá ránṣẹ́ pè ẹ́."

Mo rò pé Kánò ò jìnnà ju Mọ́níyà lọ. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń retí. Mo dàgbà, mo darúgbó sí Agbowó, kò pè mí.

Lóṣù tó kọjá tí a sin ín, Ráṣídà ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ìyà ló jẹ Táyé níbẹ̀ títí ó fi kú.

Ta ló sọ fún un pé kìkì adùn ni mo fẹ́ bá a jẹ?