Èèrà Tó Kú Nínú Omi Ọmú Mi

Ìgbà tí àkọ́bí mi ṣì ń mu ọmú ni mo fọwọ́ kan kókó kan ní ọmú òsì mi. Ó le bí ekùrọ́, kò dùn mí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ irú ẹnu tó wà nílé wa ní Ìtòkú. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ọkọ mi kì í fo nǹkan. Ó rí i níbi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agboolé ti gbọ́.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ló bàjẹ́ tó wá so kókó sí mi láyà, pé omi ọmú náà ti di májèlé nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní Wásinmi, òun ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi fún. Ọkọ mi, ẹni tó ń yìnbọn lórí odi ìlú, dúró níwájú ìyá rẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa. Inú bí mi sí i ju kókó lọ.

Nígbà náà, bí a bá fura sí omi ọmú, a ó fún un sínú igbá, a ó ju èèrà sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, ó dára. Bí ó bá kú, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá ọkọ mi sáré láti ìdí ìkòkò aró rẹ̀, ó na igbá sí mi, mo fún omi ọmú sí i. Èèrà náà kú lójú gbogbo wa. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìyá ọkọ mi ti pọn ọmọ, wọ́n sì ti ń di ẹrù rẹ̀.

Mo fẹ́ nu ojú mi nù, ni ìka tí mo fi di igbá mú bá ta mí lójú. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, n kò tíì padà sídìí aró, ṣùgbọ́n kò sí aláró tí kò mọ bí omi eérú tí a fi ń po aró ṣe máa ń ta ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ má bínú, igbá tí ẹ fi ń bu omi eérú lẹ gbé wá. Ẹ bu omi odò lásán sí i, kí ẹ ju èèrà mìíràn sí i.”

Èèrà ti omi odò náà kú. Wọ́n wá mú igbá tuntun wá, mo fún omi ọmú òsì gan-an sí i. Èèrà yí i ká, ó gun etí igbá, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in.

Ìyá ọkọ mi tú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ìyàwó, gba ọmọ rẹ. Òsì yẹn ni kí o kọ́kọ́ fún un.”

Ọmọ náà mu ún títí ó fi sùn. Kókó náà kò kúrò láyà mi títí dòní, kò sì dàgbà. Ọmọ ló dàgbà.