Àtàǹpàkò Ìyàwó Alátòmátì

Bí òórùn tòmátì rírọ̀ bá kàn mí nímú lọ́jà Ẹ̀jìgbò, ojú máa ń tì mí.

Ẹ̀ṣà ni màmá mi máa ń rà, èyí tó ti rọ̀, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó alátòmátì ń ṣà á fún wa. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ni ọjà, jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Mo rí i tí ìyàwó náà mú tòmátì tó le dáadáa, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí omi fi jáde, ó sì jù ú sínú abọ́ wa. Ó tún mú òmíràn.

Mo pariwo pé, “Màmá, ẹ wò ó! Wọ́n ń tẹ tòmátì wa fọ́!”

Màmá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti dìde.

“Háà, ìyàwó! Báyìí lo ṣe ń sọ ọjà mi di ẹ̀ṣà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, màmá.” Orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

Ata gbígbẹ la fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, inú mi sì ń dùn pé mo mú olè.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé tòmátì tó dára ló ń dọ́gbọ́n tà fún wa lówó ẹ̀ṣà.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ ló ń ṣà á fúnra rẹ̀. Tí a bá ń kọjá, ìyàwó náà á kí màmá mi, á sì ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́.