Àníkẹ́ àti Ààtàn Mérì

Ẹ̀yìn ilé wọn ní àdúgbò Nkololoun ni Àníkẹ́ ti ń gbin ẹ̀fọ́, lórí ilẹ̀ àbàtà tí kò ní onílẹ̀. Ó máa ń kó èso jíjẹrà àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Marché Central, ọjà àárín ìlú, a sì máa yí wọn títí wọn yóò fi di ajílẹ̀. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Ààtàn.

Ní ọdún tí ìjà Bakassi láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbé le, tí ọlọ́pàá ń dá ọmọ Nàìjíríà dúró ní gbogbo oríta, mérì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kéde pé pàǹtí ọjà yóò di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko tó yí ìlú ká. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́ Àníkẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń bójú tó o yóò gba ọmọlanke àti ṣọ́bìrì. Àbàtà náà yóò sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lé e kúrò. Èyí ló gba Àníkẹ́ lọ́kàn.

Nígbà tí Stéphane, òṣìṣẹ́ mérì, pèpàdé, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Àníkẹ́.

"Madame, ṣé ẹ máa ṣe é?" ni Stéphane bi í.

Àníkẹ́ wolẹ̀. "Háà, rárá o. Àwọn àgbà wà níbí."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: ọ̀kánjúwà ló ń gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Àníkẹ́ ń dúró kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì. Stéphane dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí Albert tó ń ta bàtà. Albert gbà.

Nílé, Mùhúdíìnì ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. "Ṣé àna rẹ ni Stéphane, tí yóò máa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ọ́?"

"Ó yẹ kó tún bi mí."

"O ní rárá, ó gbọ́ rárá. Kí lo fẹ́ kó ṣe?"

Bàtà ni Albert ń fi ọmọlanke kó. Pàǹtí tí mérì ń dà sílẹ̀ kò rẹ́ni yí i. Ó ń rùn, òjò sì ń gbá a wọ inú ẹ̀fọ́ Àníkẹ́. Nígbà tó lọ bá Albert, ẹ̀rín ni ìyẹn ń rín.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ṣe."

Ní ọdún kejì, Stéphane tún kó àdúgbò jọ. "Mo ń wá ẹnì kan tí yóò..."

"Èmi ni," ni Àníkẹ́ wí. "Mo fẹ́ ẹ."

Stéphane ní mérì ti gbé ètò náà lọ sí Bonamoussadi, àdúgbò mìíràn. Ẹni tí yóò bá òun wú pátákó ètò náà tí wọ́n rì mọ́ àbàtà ni òun ń wá.

Àníkẹ́ wú u. "Ìdàgbàsókè Tí Yóò Tọ́jọ́" ni wọ́n kọ sí i ní Faransé. Ó dojú pátákó náà dé orí òkìtì ajílẹ̀ tirẹ̀, kí òjò má baà wọ́ ọ lọ, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣì lè lé e kúrò ní ọ̀la.